Iná Kan Péré Ló Ń Tàn Nínú 27: Ohun Tí Ọmọ Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Kan Fi Kọ́ Wa Lọ́gbọ́n

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Sábóńgàrí, ní Ayagi, àti ní gbogbo ibi tí ọmọ Yorùbá ń gbé ní Kánò yìí, a kì í sábà fi ojú ìwé yìí tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n lónìí, àforíjì la fẹ́ fi ṣáájú ọ̀rọ̀ wa. Àwa àgbà ẹgbẹ́ dá ẹjọ́ kan lọ́jọ́ kan, a kò sì dá a dáadáa. Ọmọ tí a dá ẹjọ́ náà lé lórí ló padà wá kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Àwọn baba wa kúkú ti sọ ọ́ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àwa la gbàgbé.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Ní oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí owó náírà di ohun àwátì ní báńkì, tí oníkálukú ń tò láti gba owó ara rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa mú ẹjọ́ wá sí ìpàdé. Ó ní ọmọ òun ọkùnrin tó ń kọ́ṣẹ́ títún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe ti lo ọdún méjì àti àbọ̀ nínú ọdún mẹ́rin tó wà nínú ìwé àdéhùn, òun kò sì tíì rí èrè kankan. Ó ní ta ló tún ń gbé rédíò wá fún àtúnṣe láyé tí gbogbo èèyàn ń gbọ́ ìròyìn lórí fóònù? Ó fẹ́ mú ọmọ náà kúrò níbẹ̀, kó gba kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta fún un, èyí tí àwọn ará ìlú yìí ń pè ní A Daidaita Sahu, kó lè máa mú owó wálé lójoojúmọ́. Èyí tó wá bí i nínú jù ni pé láti bí oṣù mẹ́ta, ọmọ náà kì í sùn dáadáa mọ́. Ó ń fi owó oúnjẹ ra iná wẹẹrẹ, ó sì ń tò wọ́n pọ̀ bí ẹni tó ń kọ́ ilé ọmọláńgidi.

A bi ọmọ náà pé kí ló ń ṣe gan-an. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, àpótí iná ni. Iná á máa rìn kiri nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀, láìsí kọ̀ǹpútà.” A ní kí ni wọ́n ń fi ṣe? Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní: “Wọn kì í fi ṣe nǹkan kan sà. Wọ́n kàn ń wò ó ni.” Gbogbo ilé ìpàdé bú sẹ́rìn-ín. Àwa gan-an la sọ ọ̀rọ̀ tó dun ọmọ náà jù. A ní eré ọmọdé ni, kí bàbá rẹ̀ máa mú un lọ. Ẹjọ́ náà kò gbà wá tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọ̀gá rẹ̀ ló bẹ̀ wá. Ọkùnrin yìí ti lò ju ọgbọ̀n ọdún lọ nídìí iṣẹ́ rédíò, kì í sì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó dìde, ó ní: “Alága, ẹ má bínú. Ẹ ti dájọ́, a ti gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó mú ọmọ yìí lọ, ẹ jẹ́ kó parí ohun tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá wò ó ní ṣọ́ọ̀bù mi ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Bí ẹ bá rí i tí ẹ ṣì pè é ní eré, èmi fúnra mi ni màá gbé ẹrù rẹ̀ lé e lọ́wọ́.” Ojú tì wá láti kọ̀. A gbà.

OHUN TÍ A RÍ LÓRÍ TÁBÌLÌ

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú náà, iná ìjọba ti lọ, gbogbo àdúgbò ṣókùnkùn birimù. Ọ̀gá náà pa àtùpà, ọmọ náà sì tẹ swíìṣì kan. A rí àpótí kan tí kò ní ògiri, tí kò ga ju ife omi lọ, tí wọ́n fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ àti iná LED pupa hun: mẹ́ta ní gígùn, mẹ́ta ní ìbú, mẹ́ta ní gíga, 27 lápapọ̀. Òpó iná kan dúró ṣánṣán ní igun kan, ó ṣí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ yí àpótí náà ká bí ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ọjà. Ọmọ náà tún tẹ swíìṣì. Òpó yẹn pòórá, iná mìíràn tẹ́ pẹrẹsẹ sí ìsàlẹ̀ bí ẹní, ó gòkè sí àárín, ó gòkè sí téńté, ó tún padà sí ìsàlẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, iná kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ sí rìn láti yàrá dé yàrá bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ tó sọnù, títí tó fi dé gbogbo yàrá 27. Àwọn ọmọdé àdúgbò ti kún ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Àwa náà kò mọ ìgbà tí a fa àga wa sún mọ́ ọn.

A ní níbo ni kọ̀ǹpútà tó ń darí rẹ̀ wà? Ọmọ náà gbé e sókè kí á lè rí abẹ́ rẹ̀. IC mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú tiransísítọ̀ 12 àti àwọn rẹsísítọ̀ wẹẹrẹ. Kò sí kọ̀ǹpútà, kò sí ètò tí ẹnikẹ́ni kọ sínú rẹ̀. Ó ra IC mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti ọjà Alábà ní Èkó, awakọ̀ kan ló bá a gbé wọn wá. Tiransísítọ̀ ní tirẹ̀, ara àwọn bọ́ọ̀dù àtijọ́ ló ti tú wọn. Aládùúgbò wa kan tó jẹ́ Hausa, tó ń ra ẹrù àlòkù tí wọ́n ń pè ní bola jari, ló jẹ́ kó ṣa àwọn bọ́ọ̀dù náà lọ́fẹ̀ẹ́.

BÍ Ó ṢE Ń ṢIṢẸ́

Ẹ jẹ́ kí á ṣàlàyé rẹ̀ fún yín bí ọmọ náà ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún wa, nítorí ọ̀pọ̀ nínú yín ní ọmọ nílé tó lè ṣe irú rẹ̀. Iná LED kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ méjì, ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú. Ẹsẹ̀ gígùn la ń so mọ́ pọ́sítíìfù, ẹsẹ̀ kúkúrú la ń so mọ́ nẹ́gétíìfù. Bí a bá so ó lódì, kò ní tàn. Iná 27 á ní ẹsẹ̀ 54. Bí a bá ní kí á fa wáyà sí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nǹkan náà á di ìtẹ́ ẹyẹ. Ohun tó ṣe ni pé ó so ẹsẹ̀ gígùn àwọn iná mẹ́ta tó wà lórí ara wọn pọ̀, ìyẹn sì di òpó. Òpó 9 ló wà. Lẹ́yìn náà, ó so ẹsẹ̀ kúkúrú àwọn iná mẹ́sàn-án tó wà ní pẹrẹsẹ kan náà pọ̀, ìyẹn sì di àjà, bí àjà ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àjà 3 ló wà. Báyìí ni 54 ṣe di wáyà 12 péré.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà fún àpótí owó wa, ọ̀kan lọ́wọ́ akápò, ọ̀kan lọ́wọ́ akọ̀wé. Bí akápò bá wá nìkan, àpótí kò ní ṣí. Bí akọ̀wé bá wá nìkan, kò ní ṣí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iná kọ̀ọ̀kan rí. Òpó rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní pọ́sítíìfù, àjà rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà sí nẹ́gétíìfù. Ibi tí òpó kan àti àjà kan bá ti pàdé nìkan ni iná á ti tàn.

Ta ló wá ń yí kọ́kọ́rọ́ wọ̀nyí? IC tí wọ́n ń pè ní 555 ni onílù. Ẹsẹ̀ 8 ló ní, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kó máa lu ìlù kan náà lọ: tàn, kú, tàn, kú. Rẹsísítọ̀ àti kapásítọ̀ tí a so mọ́ ọn ló ń sọ bí ìlù náà ṣe máa yá tó. Ẹ fi kapásítọ̀ wé ìkòkò omi, kí ẹ fi rẹsísítọ̀ wé ẹnu ẹ̀rọ omi. Ìkòkò ńlá lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń kán tó-tó-tó á pẹ́ kó tó kún, ìlù á falẹ̀. Ìkòkò kékeré lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń tú yàà kì í pẹ́ kún, ìlù á yá.

IC kejì ni 4017, ẹsẹ̀ 16 ló ní. Eléyìí, ẹ fi wé èésú tí a ń dá, tí àwọn ará ibí ń pè ní adashi. Ẹni mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀. Bí onílù bá lu ìlù kan, ẹni kìíní á kó owó. Bó bá lu ìkejì, ẹni kìíní á gbé e sílẹ̀, ẹni kejì á kó o. Ẹni méjì kì í kó o lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá kárí, á tún padà sọ́dọ̀ ẹni kìíní. Bí a kò bá fẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ ẹni kẹwàá, a ó so ẹsẹ̀ ẹni kẹwàá mọ́ ẹsẹ̀ 15, tó jẹ́ ẹsẹ̀ “ẹ padà síbẹ̀rẹ̀”. Bí iná bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ báyìí, èésú á bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ọmọ náà lo 4017 kan fún òpó mẹ́sàn-án, ó sì lo ìkejì fún àjà mẹ́ta. Èyí tó wà fún àjà, ọ̀dọ̀ ẹni kẹrin ló ti dá a padà. Onílù méjì, èésú méjì: IC mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà nìyẹn.

Ibi tí ọgbọ́n wà gan-an nìyí. Bí onílù òpó bá ń lu ìlù jẹ́jẹ́, bí ẹ̀ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí onílù àjà sì ń lù ú kíkankíkan, bí ẹgbẹ̀rún ìgbà, òpó kan gbáko la máa rí, tó ń ṣí láti ibì kan dé ibòmíràn. Bí a bá fi swíìṣì pààrọ̀ wọn, tí òpó ń yára, tí àjà ń falẹ̀, àjà kan gbáko la máa rí, tó ń gòkè. Bí a bá yọ onílù àjà kúrò, tí a sì so ẹsẹ̀ 12 èésú òpó mọ́ èésú àjà, àjà kò ní ṣí àfi bí òpó bá ti kárí. Iná kan ṣoṣo la máa rí nígbà náà, tó ń rin gbogbo ilé. Ijó mẹ́ta ló jáde lára IC mẹ́rin, láìkọ ọ̀rọ̀ kan sínú wọn.

Ọ̀kan nínú wa wá bèèrè pé bí ẹni kan ṣoṣo bá ń kó èésú lẹ́ẹ̀kan, báwo la ṣe rí iná mẹ́sàn-án tó tàn pọ̀ bí ẹní? Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní: “Wọn ò tàn pọ̀ sà. Ọ̀kan péré ló ń tàn nígbàkúùgbà.” Àwa tí a gbé abúlé rí kò yẹ kí á bèèrè. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ta ni kò mú igi oníná fì yípo lálẹ́ rí? Ògúnná kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu igi, ṣùgbọ́n òbìrìkìtì iná lojú ń rí, nítorí ojú kì í tètè gbàgbé ìmọ́lẹ̀. Bí iná kan bá ń lọ tó ń bọ̀ ju bí ìgbà 50 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú á gbà pé kò kú rárá. Ìlù ẹgbẹ̀rún tí a pín sí òpó mẹ́sàn-án, ó lé ní ìgbà 110 tí òpó kọ̀ọ̀kan ń rí. Nínú 27, iná kan péré ló ń tàn, ojú àwa tó ń wò ó ló ń parí ìyókù.

ÌYÀ TÓ JẸ Ẹ́ KÓ TÓ PARÍ

Ẹ má rò pé ó rọrùn fún un. Inú ọyẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ẹ mọ ọyẹ́ Kánò. Bí èèyàn bá bọ́ aṣọ nínú òkùnkùn, á gbọ́ tó ń ta pà-pà-pà, iná á sì máa ṣẹ́ lára rẹ̀. Irú iná bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe àwa ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n IC tó jẹ́ ẹ̀yà 4017 ní awọ tín-ín-rín kan nínú tí iná ara èèyàn lè dá ihò sí. 4017 méjì ló kú mọ́ ọn lọ́wọ́ kó tó mọ ohun tó ń pa wọ́n. Ọ̀gá rẹ̀ ló kọ́ ọ pé kó máa fi ọwọ́ kan irin tó wọlẹ̀ kó tó mú IC, kó máa fi omi wọ́n ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, kó sì máa fi ìwé fàdákà inú páálí sìgá wé IC tí kò tíì lò.

Èkejì ni pé èésú rẹ̀ kàn ń fò bó ṣe wù ú. Bí ọmọ náà bá na ọwọ́ sún mọ́ ọn, iná á máa sáré. Bó bá gbé ọwọ́ kúrò, iná á dúró. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé ó ti fi oògùn sí i. Kì í ṣe oògùn. Ẹsẹ̀ 13 ló fi sílẹ̀ láìso mọ́ ibì kankan. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ yìí ni láti sọ fún IC pé kó dúró tàbí kó máa lọ. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ nǹkan kan fún un, ohunkóhun tó bá ti inú afẹ́fẹ́ wá ló máa gbọ́, títí kan iná ara èèyàn tó sún mọ́ ọn. Nígbà tó so ó mọ́ nẹ́gétíìfù, oògùn tán.

Ẹ̀kẹta ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e kúrò nídìí rẹ̀. Níwọ̀n bí iná kọ̀ọ̀kan nínú àjà ti ń sinmi nígbà mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án, iná náà kò mọ́lẹ̀ dáadáa. Ó fi tiransísítọ̀ ràn án lọ́wọ́, ó sì dín rẹsísítọ̀ kù kí iná púpọ̀ lè gbabẹ̀. Ó mọ́lẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ kan, wáyà onílù tú. Ìlù dúró, iná dúró sójú kan, gbogbo agbára tó yẹ kó kárí mẹ́sàn-án wá rọ́ lu ẹyọ kan, ó sì jó. Ibo ló jó? Iná tó wà ní àárín gbùngbùn ni, èyí tí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n yòókù yí ká. Kò sí bí irin ìjólẹ́ẹ̀dì ṣe lè débẹ̀ láìtú ilé náà palẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ sọ fún wa pé ọmọ náà sunkún. Lọ́jọ́ kejì, ó tú u palẹ̀, ó dá ihò mẹ́sàn-án sí páálí kan kí àwọn iná lè dúró déédéé, ó jó àjà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú bátìrì, kó tó gbé e lé ara wọn. Ọ̀sẹ̀ tí èyí ṣẹlẹ̀ gan-an ni bàbá rẹ̀ mú ẹjọ́ wá bá wa.

ÀWỌN TÓ ṢE É ṢÁÁJÚ

Lẹ́yìn ọjọ́ náà, a wádìí ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ ọ̀gá náà àti nínú ìwé. Ọdún 1962 ni Nick Holonyak ṣe LED pupa tí ojú lè rí, ní iléeṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà. Ọmọ àjèjì tó ṣí wá sí Amẹ́ríkà ni, iṣẹ́ wíwa èédú nínú ilẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Iléeṣẹ́ RCA ló gbé àwọn IC ẹ̀yà 4000, tí 4017 wà lára wọn, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1968. 555 ní tirẹ̀, Hans Camenzind ló yà á ní ọdún 1971 fún iléeṣẹ́ Signetics. Ọmọ ilẹ̀ Switzerland tó lọ tẹ̀dó sí Amẹ́ríkà ni òun náà, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi ya á, ó fi ọ̀bẹ gé àwòrán rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, wọ́n ṣì ń ṣe é, wọ́n ṣì ń tà á. Àwa tí a ń gbé ìlú onílùú, ẹ jẹ́ kí èyí yé wa: ìṣípò kò dí ọgbọ́n lọ́nà.

Ohun mìíràn tún wà tó yà wá lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni IC wọ̀nyí mọ̀, pé iná wà tàbí pé kò sí. Bí a bá to irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mẹ́jọ pọ̀, ọ̀nà 256 ló wà láti tò wọ́n. Ẹ̀sìn kọ́ la fẹ́ sọ o, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ló pọ̀ jù nínú wa níbí, ìṣirò la ń sọ. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ baba wa ní ojú mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kó dojú délẹ̀, Odù Ifá sì jẹ́ 256. Ìṣirò kan náà ni. Ẹni tó bá sọ fún ọmọ yín pé irú ìrònú yìí jẹ́ ti àlejò, ẹ sọ fún un pé ó ti wà nílé wa tipẹ́.

ÈRÈ WO LÓ WÀ NÍBẸ̀?

A mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé láyé òde òní, IC kan ṣoṣo tí a kọ ètò sí nínú lè ṣe gbogbo èyí, kó tún ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òótọ́ ni. Bí ọmọ náà bá fẹ́ ṣe èyí tó ní iná 512, mẹ́jọ lọ́nà mẹ́ta, á nílò irú rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ kò bá a jiyàn. Ohun tó sọ fún wa ni pé nínú àwọn IC wẹẹrẹ wọ̀nyí, kò sí ohun tó fara pamọ́. Èèyàn lè fi míítà kan ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kó rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ó ní ọmọ tó bá ti mọ èyí kò ní máa pààrọ̀ gbogbo bọ́ọ̀dù nítorí kapásítọ̀ kan.

Àwa fúnra wa rí ẹ̀rí rẹ̀. A ní sítábíláísà kan nílé tí àwọn méjì ti sọ pé kí á jù nù. Ó máa ń ṣe tá-tá-tá, kò sì ní gbé iná jáde. Ọmọ náà ṣí i, ó wo ọ̀nà tí iná ń gbà, ó ní ẹ̀rọ náà yẹ kó dúró díẹ̀ kó tó gbé iná jáde, àmọ́ ìkòkò rẹ̀ kò gba omi mọ́. Kapásítọ̀ ló ń sọ, ooru ti mú un gbẹ. Ó pààrọ̀ ẹyọ kan yẹn. Títí di bí a ṣe ń kọ èyí, sítábíláísà náà ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí a ní eré ọmọdé ló ń ṣe ló gbà wá lọ́wọ́ owó sítábíláísà tuntun.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, a dìde níwájú gbogbo ẹgbẹ́, a ní a ti yí ẹjọ́ wa padà. A bẹ ọmọ náà, a bẹ ọ̀gá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní: “Alága, ọ̀rọ̀ yín dára, ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ lẹ máa san owó ilé mi.” Òótọ́ lọ̀rọ̀ rẹ̀, a kò sì lè dá a lẹ́bi. Ẹnu wa kò gbà á láti sọ pé kí ó fara dà á nígbà tí àwa ń fi ọwọ́ lẹ́rán. Nítorí náà, ẹgbẹ́ fi owó díẹ̀ ràn án lọ́wọ́ fún oṣù mẹ́fà, ọ̀gá náà sì gbà láti máa pín iṣẹ́ tí ọmọ náà bá dá ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Ọdún 2024 ni ọmọ náà gba fírídọ́ọ̀mù. Kò tíì lówó o, a kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ó ń tún sítábíláísà àti ẹ̀rọ sólà ṣe, ó ń ṣe pátákó oníná tó ń rìn fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù, bàbá rẹ̀ kò sì sọ ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ mọ́.

Ohun mẹ́ta la ń bẹ̀bẹ̀ fún báyìí. Àkọ́kọ́, ẹ má ta rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tó ti bàjẹ́ ní kíláàsì irin. Ẹ gbé wọn wá sí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́, àwọn ọmọ á tú ohun tó wúlò lára wọn. Èkejì, láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, gbọ̀ngàn náà á ṣí sílẹ̀ fún ọmọ tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ iná wẹẹrẹ yìí, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ọ̀gá náà àti ọmọ rẹ̀ á wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ jókòó, ẹ wo ohun tó ń ṣe kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Àwa kò lọ kí á tó dájọ́, ojú sì tì wá.

Àpótí iná náà wà lórí tábìlì akọ̀wé ní gbọ̀ngàn wa báyìí. Bí ìpàdé bá parí lálẹ́, àwọn ọmọdé á ní kí á pa iná ilé, kí á jẹ́ kó jó ijó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n kàn ń wò ó ni, bí ọmọ náà ṣe sọ lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin kékeré kan, ti bẹ̀rẹ̀ sí bèèrè pé kí ló dé tí iná kì í fi í lọ sẹ́yìn. Ọ̀gá náà ní kó wá lọ́jọ́ Sátidé.

Ọlọ́run á jẹ́ kí àwọn ọmọ wa ju wá lọ. Ire o.